Àsíá Tí Ìyá Mi Tún Re Láró

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, a kì í fara balẹ̀ jẹun nílé wa. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, á bu òkèlè iyán, á fi kan ọbẹ̀ ilá, á wá dá ọwọ́ dúró kí ó tó dé ẹnu. “Ẹ dákẹ́ ná,” ni yóò wí. Gbogbo wa á dákẹ́. Ìyá ọlọ́mọ á ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu. A ó máa tẹ́tí bóyá pátákò ẹṣin la gbọ́ yẹn, nítorí àwọn tó ń fi ẹṣin kó ènìyàn lẹ́rú kò tíì jáwọ́ nínú iṣẹ́ wọn nígbà náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, odó ará ilé kejì lásán ni. Bàbá Àgbà á wá gbé òkèlè rẹ̀ mì, ìyá mi á máa kùn pé iyán òun ti di òkúta, oúnjẹ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àgbà a máa ní sùúrù. Èmi ti di arúgbó báyìí, n kò tíì rí sùúrù náà. Títí dòní, bí mo bá ń jẹun, etí mi kan á wà níta. Àwọn ọmọ ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Àgbà ń retí àlejò. Kì í ṣe àlejò ni mò ń retí.

Ilé wa ló kẹ́yìn ní Mánígri, lójú ọ̀nà tó lọ sí Bàsílà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè, ilé wa ni yóò kọ́kọ́ rí, ilé wa náà ni yóò ti kọ́kọ́ tọrọ omi. Àwọn Gàmbàrí olóbì máa ń kọjá pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn, èmi á sáré jáde lọ wò wọ́n títí ìyá mi yóò fi kígbe orúkọ mi láti ẹ̀yìnkùlé: “Adùkẹ́, eérú dà?” Iṣẹ́ mi nìyẹn, kíkó eérú. Aláró ni ìyá mi. Ìkòkò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ igi ẹmi tó ń so òrí, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn, èmi ni mo sì ń lọ láti ààrò dé ààrò ní àdúgbò, tí mò ń tọrọ eérú tí yóò fi sẹ́ omi aró. Òórùn aró kò dára, n kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá di pé kí ó lu aṣọ, tó bá tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, tó ń fi kùmọ̀ lù ú kí ó lè máa dán, pàù, pàù, pàù, ara gbogbo ilé á rọ̀ díẹ̀. Ìyá mi kì í re aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Á re é, á sá a, á tún re é, títí yóò fi dú kọjá ohun tí ojú lè sọ pé aró ni. Ó máa ń wí pé, “Aṣọ tó bá ṣí lára oníbàárà, aláró ló tú síhòhò.” Àwọn Gàmbàrí ń dúró nítorí rẹ̀, wọ́n ń ra láwàní tí wọn yóò wé dé ilé wọn lọ́hùn-ún.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni òyìnbó àkọ́kọ́ wá. Láti ìsàlẹ̀ ló ti wá, pẹ̀lú àwọn aláàárù àti ọmọ ogun díẹ̀ tó gbé ìbọn. Ibà ń ṣe é, aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ni wọ́n fi gbé e wọ̀lú. Ó sùn lọ́dọ̀ ọba wa, ó jẹ adìẹ, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó fún ọba ní aṣọ kan. Ìwọ̀n aṣọ náà kò tó ìró obìnrin. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n rán pọ̀: dúdú, funfun, pupa, wọ́n dúró ti ara wọn bí ọmọ ìyá mẹ́ta. Ògbufọ̀ rẹ̀ ní kí a máa gbé e síta nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé òyìnbó ń bọ̀, pé ẹni tó bá rí i kò ní fọwọ́ kàn wá. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọba wa kò fẹ́ kí ohun tí òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ bá òun sùn láàfin. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Àgbà, ó ní ilé wa ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́. Bàbá Àgbà gbà á, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé e wálé, láti ọjọ́ náà ni kò ti rí oorun sùn dáadáa mọ́.

Ohun tó ń dà á láàmú ni ìtumọ̀. Nílẹ̀ wa, ẹnìkan kì í fi nǹkan ránṣẹ́ lásán. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá di owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú síra, o mọ̀ pé ojú rẹ ló fẹ́ rí. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, o mọ̀ pé ìjà ti dé. Ọmọdé tí wọ́n rán kò ní láti mọ̀, ẹni tí wọ́n rán an sí ni yóò tú u. Bàbá Àgbà gbà pé òun ni wọ́n ránṣẹ́ sí báyìí, òun kò sì lè tú u. Yóò tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní, yóò rìn yí i ká, yóò tún padà wá. “Funfun ló wà láàárín,” ni ó wí fún bàbá mi, “àlàáfíà ni. Dúdú ni àwa, pupa ni àwọn. Wọ́n ń sọ pé àlàáfíà ló wà láàárín wa.” Bàbá mi, àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò ó títí. “Bàbá, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni pupa yẹn,” ni ó wí. “Bí a bá ti kọjá funfun, ẹ̀jẹ̀ ló kù.” Bàbá Àgbà bínú sí i, ó ní ta ló bi í. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ká aṣọ náà kíákíá lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi kúnlẹ̀ gbé omi fún un, ó wo aṣọ náà láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé ọ̀lẹ ni aláró wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló re dúdú yìí.” Òótọ́ ni. Ojú sánmà lọ́wọ́ ọ̀sán ló jọ, kò dé ibi tí aró ń dé. Ìyá mi kò lè rí ohun tí kò dára kó pa ẹnu mọ́.

Òjò wá dé. Àjà ni Bàbá Àgbà fi aṣọ náà sí, àjà sì ń jò. Nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, dúdú ti di eérú, ó ti ṣàn wọ inú funfun, eku ti jẹ etí kan. Àsìkò náà gan-an ni Ìsá ará Bàsílà wá kí wa. Ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà láti ìgbà èwe ni, ọmọ ẹ̀yà Aníi tó gbọ́ èdè wa bí ẹni tí a bí sínú rẹ̀, nítorí òwò. Òun ló mú ìròyìn wá pé òyìnbó kan ti pàgọ́ sí Bàsílà, yóò sì wá wo Mánígri láìpẹ́. Bàbá Àgbà fi aṣọ náà hàn án pẹ̀lú ìtìjú. Ìsá yẹ̀ ẹ́ wò. “Mo ti rí irú ẹ̀ lọ́nà Alédjo,” ni ó wí, “nílé baálẹ̀ kan. Dúdú, funfun, pupa, bákan náà. Àmọ́ dúdú tiẹ̀ dú gidi. Ó sì dùbúlẹ̀ ni, dúdú lókè, funfun láàárín, pupa nísàlẹ̀. Tiyín nìkan ni mo rí tó dúró.” Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ pé àwa la gbé tiwa sódì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pe ìyá mi, ó ní, “Ìyàwó, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n fún wa ní aṣọ tí kò pé. Ṣé o lè mú un pé kí wọ́n tó dé?” Ó jẹ́ kó yé wa pé bí òyìnbó bá bá a bẹ́ẹ̀, yóò ní a fi ẹ̀bùn òun nu ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà.

Kò sí ìgbà tí mo rí ìyá mi ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tú òwú tí wọ́n fi rán an, ó ya ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ó fi omi eérú se funfun títí ó fi mọ́, ó fi omi ewé ọkà bàbà pa pupa láró, ó fi dúdú sínú ìkòkò tó dára jù. Ó re é, ó sá a, ó tún re é. Èmi ń sáré kó eérú, ẹ̀rù ń bà mí, nítorí ojú gbogbo ilé wà lójú ọ̀nà. Ó lù ú títí ó fi ń dán, ó rán wọn padà, ó fi rírán bo ibi tí eku jẹ. Nígbà tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò wá wò ó. Mo sọ ọ́ láìtijú pé kò sí òyìnbó tó ní irú rẹ̀ láyé. Bàbá mi gbé ọ̀pá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó de igi kan ní ìbú lé e, wọ́n so etí dúdú mọ́ ọn, aṣọ sì rọ̀ wálẹ̀ bí Ìsá ṣe wí: dúdú lókè, funfun láàárín, pupa nísàlẹ̀. Bàbá Àgbà wọ fìlà tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà. Ọmọ ọmọ mi tó lọ ilé ìwé ló là mí lójú nígbà tí irun mi ti funfun tán. Oríṣi òyìnbó méjì ló wà nínú igbó yẹn. Faransé ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, Jámánì ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀, wọ́n ń sáré àtifi aṣọ wọn, tí wọ́n ń pè ní àsíá, sílùú kí ìkejì tó dé, kí ìlú náà lè di tiwọn. Ti Faransé ló dúró, dúdú rẹ̀ sì jọ ojú sánmà. Ti Jámánì ló dùbúlẹ̀, dúdú rẹ̀ sì dú bí èédú. Faransé ló fún wa láṣọ. Ti Jámánì ni Ìsá rí lọ́nà Alédjo. Ìyá mi sì ti fi gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ̀kan di èkejì.

Nígbà tí òyìnbó Bàsílà yọ, tòun ti ẹṣin, ó rẹ́rìn-ín láti òkèèrè bí ẹni tó rí ilé ọ̀rẹ́. Bó ṣe ń sún mọ́ wa ni ẹ̀rín náà ń lọ. Faransé lòun náà. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin ilé ti sá wọ igbó, nítorí a gbọ́ pé ọkùnrin tó bá lágbára ni wọ́n ń mú ṣe aláàárù. Bàbá Àgbà ló dá dúró, àwa obìnrin àti ọmọdé wà lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ rẹ̀, ará Ṣábẹ̀ kan tó wọ ẹ̀wù ọmọ ogun, yí ojú sí Bàbá Àgbà.

“Bàbá, ta ló fún yín ní aṣọ yìí?”

“Ẹ̀yin ni,” ni Bàbá Àgbà wí.

“Àwa kọ́. Ó ní èwo nínú àwọn òyìnbó ló fún yín?”

“Ṣé wọ́n ju ẹyọ kan lọ ni?”

Ìbéèrè tòótọ́ ni Bàbá Àgbà béèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun kan rẹ́rìn-ín, òyìnbó sì rò pé òun ni arúgbó yìí ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ojú rẹ̀ le. Wọ́n béèrè aṣọ tiwọn tí wọ́n fún wa tẹ́lẹ̀, Bàbá Àgbà nawọ́ sí ọ̀pá pé òun nìyẹn. Wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún nawọ́. Òyìnbó fa aṣọ náà já lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n fi okùn ẹrù de Bàbá Àgbà lọ́wọ́, fìlà tuntun já bọ́, kò sí ẹni tó gbé e dé e. Ohun tó sọ bí wọ́n ṣe ń mú un lọ ni pé, “Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ mi jáde o.” Ìyá mi he aṣọ náà nílẹ̀. Mo ń wò ó pé yóò sunkún. Kò sun ún. Ó ń rìn káàkiri àgbàlá bí adìẹ tó fẹ́ yé, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.” Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, ó ti mú mi lọ́wọ́, a ti wà lọ́nà Bàsílà.

Ìsá gbà wá sílé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fún wa ní ẹ̀kọ gbígbóná, n kò lè mu ún. Ìsá fúnra rẹ̀ kò wo ojú ìyá mi. Ó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu òun fà. Ó mú wa lọ sí àgọ́. Bàbá Àgbà jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn aláàárù, orí rẹ̀ wà láìbò, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó máa ń dùn ún ti wú. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, ohun tó béèrè kì í ṣe oúnjẹ. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, “Ìyàwó, ṣé wọ́n ti sọ ohun tó túmọ̀ sí?” Ìyá mi ní wọn kò tíì sọ. Ògbufọ̀ tó ń gbọ́ wa wá sọ́dọ̀ wa. Èdè Ṣábẹ̀ rẹ̀ ṣàjèjì sí mi létí, àmọ́ ó yé wa. Ó ní bí ọjà Bàsílà tó ń bọ̀ bá ti tú, òyìnbó ń gòkè lọ sí Alédjo, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ igi yìí ni yóò sì ru ẹrù. Ìyá mi wo ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Alédjo, òkúta ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́,” ni ìyá mi wí. “Èmi ni mo re aṣọ náà. Ó ṣí, mo tún un ṣe. Ẹ wo ọwọ́ mi.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde, wọ́n dú dé ìgùnpá. Ògbufọ̀ lọ, ó pẹ́ kí ó tó padà dé. Ó ní òyìnbó gbọ́, kò sì gbà á gbọ́ tán. Ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Kí ó mú aṣọ náà padà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, dúdú rẹ̀ bí ojú sánmà, kí ó tó di pé ọjà tú. Bí ó bá lè ṣe é, arúgbó yóò lọ sílé.

A padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìyá mi tú òwú, ó yọ ọ̀nà dúdú jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ó fi omi eérú sè é, ó fi òkúta họ ọ́, ó sá a sí oòrùn, ó tún sè é. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Bàbá mi tó ti igbó yọ́ wọlé bá a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú agbára àgbẹ̀. Dúdú náà kò ṣí. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tó fi ń sè é, ó ń wo ohun tó ṣe, inú bí mi sí iṣẹ́ dáradára yẹn débi pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. N kò mọ bí inú tirẹ̀ ṣe rí. Ó dìde, ó wọlé, ó gbé aṣọ funfun kan tó hun fúnra rẹ̀ jáde, ó gé e ní ìwọ̀n ọ̀nà náà. Kò lọ sídìí ìkòkò tó dára. Ìdí ìkòkò ìkẹyìn ló lọ, èyí tí aró rẹ̀ ti kú, tí a fẹ́ dànù kí a tó ṣe tuntun. Omi ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí omi tí a fi ṣan ìkòkò. Ó ki aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ọ́, ó gbọ̀n ọ́. Bàbá mi ní, “Ìyá Adùkẹ́, ṣé kò ní...” Ìyá mi ní kó má bá òun sọ̀rọ̀. Kò lù ú. N kò rí i rí kí ó gbé aṣọ kúrò nídìí aró láìlù ú. Nígbà tó gbẹ, ó rán an mọ́ funfun àti pupa.

Ọjà Bàsílà ti kún nígbà tí a dé. Òyìnbó jáde, ó na aṣọ náà sókè sí oòrùn, ó fi wé ojú sánmà lóòótọ́, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ògbufọ̀ ní òyìnbó ní iṣẹ́ tó dára ni. Wọ́n tú okùn lọ́wọ́ Bàbá Àgbà. Ìsá mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ wá, ó gbé e gùn ún, òun fúnra rẹ̀ ló fà á dé Mánígri, kò sì dákẹ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́nà títí Bàbá Àgbà fi ní ó tó. Ọmọ ogun kan tẹ̀ lé wa wá láti fi bí a ó ṣe máa so aṣọ náà hàn wá: kí ó dúró, kí dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà ṣe ń fẹ́ lójú ọ̀nà wa, tí ará ọjà gbogbo ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ilé aláró ni. Gàmbàrí kan tó ti ń ra láwàní lọ́wọ́ ìyá mi láti ìgbà tí n kò tíì rìn dá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró, ó wo òkè, ó béèrè ẹni tó re èyí. Mo rò pé ìyá mi, tí kì í pa ẹnu mọ́, yóò rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. “Èmi ni,” ni ó wí, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ọkùnrin náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ láìra nǹkan kan. Àwọn mìíràn náà ń kọjá. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn kí n sọ fún wọn, àmọ́ mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá padà détí ọmọ ogun pé ti tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyẹn, wọ́n á tún wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi jọ ń bọ̀ láti odò. Bàbá Àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ tó wú sórí ìtì igi, ó ń bu ẹ̀pà jẹ. Ó kí wa káàbọ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ tòun ti ìkòkò lórí, ó dá a lóhùn, ó dìde, ó gba abẹ́ aṣọ náà kọjá láìgbójú sókè. Mo tẹ̀ lé e, mo béèrè ohun tí ilé wa kò rójú béèrè mọ́.

“Ìyá mi, kí ni aṣọ yìí túmọ̀ sí gan-an?”

Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi odò tó ta sí i lójú, ó tọ́ka sí ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá.

“Èyí tó ṣí yẹn, bàbá rẹ àgbà tó jókòó yẹn ló túmọ̀ sí.”

“Funfun àti pupa ńkọ́?”

“Bi àwọn tó ni wọ́n,” ni ó wí, ó sì da omi sínú àmù.